Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Rán Mi sí Ìyá Rẹ̀

Mi ò jalè, mi ò gba ọkọ ọlọ́kọ, mi ò sì gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni rí. Bí ẹ bá pàdé mi lójú pópó, ẹ ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, ẹnu ni mo fi ń jẹ́ ẹ, ẹnu náà ni mo sì fi ya ìyá àti ọmọ. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á ná. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ bá bú mi, mi ò ní bínú. Mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Télọ̀ ni mí. Ọkọ mi ń tún mọ́tò ṣe. Ó ti pẹ́ tí a ti fẹ́ra, a ò sì bímọ. Dókítà tó yẹ̀ mí wò kẹ́yìn ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ó ní kí n má retí oyún mọ́. Ọkọ mi ò fi ìyẹn sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi rí. Èmi ni mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Bí oníbàárà bá mú ọmọ wá kí n wọ̀n ọ́n fún aṣọ iléèwé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, kí ọmọ náà lè pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà yẹn ló sọ fún mi nípa ilé àwọn ọmọ kan. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ń ṣàìsàn, tàbí tí apá òbí wọn ò ká ìtọ́jú wọn mọ́, ló ń gbé níbẹ̀ títí nǹkan á fi dára. Wọ́n ń wá àgbàlagbà tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀, tó máa wá sọ́dọ̀ ọmọ kan ṣoṣo ní gbogbo Sátidé, tó máa bá a ṣe iṣẹ́ iléèwé, tó máa bá a tàkúrọ̀sọ, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń bọ̀ wá wo òun. Alábàárìn ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò sí owó níbẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, mo fẹ́.

Obìnrin tó ń darí ibẹ̀, Màmá Ilé ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó mú mi jókòó, ó sì sọ òfin fún mi. Ó ní, “Alábàárìn lẹ jẹ́ o, ẹ kì í ṣe ìyá. Ẹ bá ọmọ rìn, ẹ má gbé e sá lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

Ọmọbìnrin tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n Lọ́yà ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní bi yín pé ta ni ẹlẹ́rìí yín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ní mo mọ ìṣirò dáadáa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkàn mi ti fà mọ́ ọn.

Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọ. Bàbá ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n jókòó. Ikọ́ ife ló gbé ìyá yìí dè sí ọsibítù, kì í sì í ṣe irú èyí tó máa ń tètè gbọ́ oògùn. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ wọ́ọ̀dù náà rárá. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ lo ìbòmú.

Màmá Ilé kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ gba ìpè lórí fóònù, torí pé bí mọ̀lẹ́bí ẹnì kan bá pè, ẹkún ni gbogbo ilé máa fi ọjọ́ náà sun. Ìyá Lọ́yà ò mọ̀wé kà. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé alábàárìn ló máa ń gbé ọ̀rọ̀. Ọjọ́rú, mo lọ sí ọsibítù, mo gba ọ̀rọ̀ ìyá. Sátidé, mo lọ jíṣẹ́ fún ọmọ, mo sì gba tirẹ̀. Kò sí ẹnì kẹta láàárín wa. Ohunkóhun tí wọ́n bá máa mọ̀ nípa ara wọn, ẹnu mi ló máa gbà kọjá.

Níbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe fún mi ni mo ṣe ń fún wọn. Ọmọ á ní kí n sọ fún Mọ́mì òun pé eyín òun ti yọ, pé ọmọ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń hanrun bíi jẹnẹrétọ̀. Ìyá á ní kí n sọ fún un pé kó máa fọ ẹ̀yìn etí, kó má bá tíṣà jiyàn, bí kò bá sì lè ṣe kó má jiyàn, kó kọ́kọ́ ní “ẹ jọ̀ọ́, sà.” Mo máa ń tún un sọ lójú ọ̀nà, nínú bọ́ọ̀sì, kí n má bàa gbàgbé ìkankan. Inú mi máa ń dùn. Mo ti rí ohun tí mo wúlò fún.

Ọjọ́rú kan, mo dé wọ́ọ̀dù, ìyá Lọ́yà ò lè sọ̀rọ̀. Ikọ́ ti gbo ó bí aṣọ. Ó kàn wò mí, ó gbé ọwọ́ díẹ̀, ó dijú. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi ní kí n máa lọ.

Ní Sátidé, ẹnu géètì ni Lọ́yà ti ń dúró dè mí. Ó ní, “Àǹtí, kí ni Mọ́mì mi wí?”

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ṣé kí n ní kò wí nǹkan kan? Wọ́n ṣáà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ní Mọ́mì ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ gan-an, òun lálàá rẹ, o ti ga, o ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fo mọ́ mi lọ́rùn. Ó gbá mi mọ́ra, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi yé. Ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo rò ó, èmi ni mo sọ ọ́, èmi sì ni wọ́n gbá mọ́ra. Kò sí ọmọ tó gbá mi mọ́ra bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo délé, mi ò fẹ́ bọ́ aṣọ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bí ìyá bá ní kí ó fọ ẹ̀yìn etí, mo máa ń fi ti ara mi kún un, kó lè dùn. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá ń ṣàìsàn, ọmọ ń dárò, èmi ń fún wọn ní ìtùnú. Bí mo ṣe ń dá ara mi láre nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Lọ́yà sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára. A ń to ìwé rẹ̀ sínú àpò ni. Ó ní, “Ẹ sọ fún Mọ́mì mi pé ẹ̀yin ni mọ́mì mi kejì.”

Mo dé ọsibítù, mo jókòó ti ìyá rẹ̀, mo sì ní, “Lọ́yà ní kí n sọ fún yín pé èmi ni mọ́mì òun.”

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo yọ. Ìyá Lọ́yà yíjú sí ògiri. Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn. Inú mi dùn, ojú sì tì mí pé inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú yẹn ló pọ̀ jù.

Kò pẹ́ tí oògùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ran ìyá Lọ́yà. Ẹran ara padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣí. Dókítà sọ fún un pé bí ó bá ń lo oògùn bí ó ṣe yẹ, ó máa lọ sílé kí ọdún tó parí. Ọjọ́rú tí ó sọ ọ́ fún mi, orí ìdùbúlẹ̀ kọ́ ni mo ti bá a, ó ń rìn kiri nínú wọ́ọ̀dù. Ó ní, “Àǹtí, ẹ sọ fún ọmọ mi pé mò ń bọ̀. Ẹ ní kó máa kó ẹrù rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀.”

Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, mi ò tún ọ̀rọ̀ kankan sọ. Mo kàn ń wo fèrèsé. Mò ń rò ó pé bí ó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ta ló máa rántí télọ̀ kan? Wọ́n á fún mi ní ọmọ míì, ìyẹn náà á tún lọ. Gbogbo ayé mi, ọmọ ọlọ́mọ ni n ó máa wọ̀n fún aṣọ.

Ní Sátidé, Lọ́yà béèrè bí ó ṣe máa ń béèrè. Mo ní Mọ́mì rẹ ní kí o máa gbọ́ràn. Mi ò sọ ìyókù. Ó dúró de ìyókù díẹ̀, nígbà tí kò rí i, ó lọ gbé ìwé rẹ̀ wá.

Mo ti wọnú ẹrẹ̀ nìyẹn, bí mo sì ṣe ń yọ ẹsẹ̀ kan ni èkejì ń rì. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé ìyá ọmọ náà ò ní lè tọ́ ọ mọ́, pé ó fẹ́ kí a gbà á. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi gírísì sílẹ̀, ó lọ ra pákó. Òun fúnra rẹ̀ ló kan bẹ́ẹ̀dì náà. Ó kun ún ní àwọ̀ ewé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó bí ó ṣe ń fi ọwọ́ pa igi náà kí ó má bàa gún ọmọ.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kàkà bẹ́ẹ̀, Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, mo lọ bá ìyá ọmọ. Mo ní Lọ́yà ní òun ò fẹ́ padà sí yàrá kan ṣoṣo tí ẹ ń gbé mọ́. Mo ní ó ní ọ̀dọ̀ mi ni òun fẹ́ máa gbé, ó kàn ń bẹ̀rù àtisọ ọ́ fún yín ni.

Ó ní, “Ó sọ bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Ó sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó ní, “Ọmọ mi kì í sọ ohun tí kò rò. Bí ó bá ti sọ ọ́, ó ti rò ó.” Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ ohun tí ọmọ òun fẹ́ nìyẹn, kí n mú un, kí n ṣáà máa bá òun tọ́ ọ dáadáa. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn. Mo gbà á.

Ọmọ náà ló kù. Sátidé yẹn, mo mú un jókòó sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ní Mọ́mì rẹ ní tí ara òun bá yá, òun máa lọ síbi tó jìnnà lọ ṣiṣẹ́. Ó ní kí o má sunkún nítorí òun mọ́. Ó ní kí o fi mí ṣe ìyá.

Lọ́yà ò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ó ní nígbà tí Mọ́mì òun sọ ọ́, ṣé ó jókòó ni àbí ó dúró? Mo ní ó jókòó. Ṣé ó ń wo ojú yín àbí ó ń wo ilẹ̀? Mo ní ó ń wo ojú mi. Ṣé orúkọ òun gan-an ni ó pè, àbí Lọ́yà? Mo ní Lọ́yà.

Ó ní, “Mọ́mì mi kì í pè mí ní Lọ́yà.” Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní yẹ̀rì rẹ̀, ó wọlé lọ.

Mo sọ fún ara mi pé á gbàgbé. Ọmọdé ṣáà ni.

Ìgbà tí mo tún dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tuntun ni nọ́ọ̀sì yìí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá sí wọ́ọ̀dù náà. Ó béèrè bóyá mọ̀lẹ́bí obìnrin yẹn ni mí. Ó ní wọ́n fẹ́ pààrọ̀ aṣọ orí ìbùsùn rẹ̀, oògùn ni wọ́n bá lábẹ́ tìmùtìmù. Kò gbé e mì mọ́. Abẹ́ ahọ́n ló ń fi sí tí wọ́n á fi lọ, á wá tu ú jáde. Nọ́ọ̀sì ní irú ikọ́ yìí, bí èèyàn bá fi oògùn rẹ̀ ṣeré, ó máa ń padà wá pẹ̀lú agbára, oògùn tó ń ràn án tẹ́lẹ̀ kì í sì í ràn án mọ́. Ó ní, “Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí ni òun fẹ́ gbádùn fún, ta ni òun fẹ́ bá lọ sílé.”

Mo di ògiri mú.

Mo wọlé lọ bá ìyá Lọ́yà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tún wọnú. Mo ní Lọ́yà ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ lo oògùn yín. Mo ní ó ní òun ń gbàdúrà fún yín. Òótọ́ ni ìyẹn, Ọlọ́run ń gbọ́, ọmọ náà ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà, èmi ni mi ò jíṣẹ́ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fi àánú yín sọ ìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ mi.”

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo gbé wá fún un, kò gbà á gbọ́. Èmi ni mo ti kọ́ ọ kó má gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rí iṣẹ́ jákujàku lọ́wọ́ ara mi. Mo rán apá òsì aṣọ oníbàárà mọ́ ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ gún mi, mi ò mọ̀ àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ. Bí mo bá sọ òótọ́, obìnrin yìí á lo oògùn, á sì yè, ọmọ á bọ́ lọ́wọ́ mi, ọkọ mi á sì mọ irú ẹni tí òun fẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, ó lè kú. Ẹ rò pé kò yẹ kí irú nǹkan báyìí gba àròjinlẹ̀. Mo rò ó. Mo jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, mò ń fi ẹ̀mí èèyàn wọn bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé.

Màmá Ilé ló tún wá dá kún un. Ó ní òun ti gbọ́ lẹ́nu Lọ́yà pé mo fẹ́ gbà á tọ́, ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n etí òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ìyá rẹ̀ kí òun tó ṣe ohunkóhun. Mo ní kò burú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ara ìyá náà le díẹ̀ sí i. Ó wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo wá pinnu pé Ọjọ́rú tó ń bọ̀, n ó lọ jẹ́wọ́ fún ìyá Lọ́yà. Mo fi ọkàn sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a, tèmi ò tilẹ̀ rìn jìnnà. Nọ́ọ̀sì tuntun yẹn ti gbọ́ tẹnu ìyá náà, ó sì ti pe Màmá Ilé. Ó bi í pé irú ọmọ wo ló ń kọ ìyá rẹ̀ lórí àìsàn. Màmá Ilé ní ọmọ wo? Lọ́yà tí kì í jẹun kó má bi èèyàn pé ṣé Mọ́mì òun ti jẹun? Àwọn méjèèjì ló bá fẹnu kò pé ọmọ ò lè wọ wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kó má dúró lórí koríko níta, kí ìyá rẹ̀ dúró lójú fèrèsé.

Mo dé ọsibítù ní Ọjọ́rú náà, mi ò bá ìyá Lọ́yà lórí ìbùsùn. Mo gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn ilé. Mo yí igun ilé náà, mo sì rí wọn. Lọ́yà wà lórí koríko nínú aṣọ tí mo rán fún un. Màmá Ilé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ fara ti fèrèsé nínú lọ́hùn-ún, ìbòmú wà lójú rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì fi ọwọ́ gbé e ró.

Ọmọ náà ń sọ pé, “Ẹ ní ẹ ń lọ síbi tó jìnnà. Ẹ ní kí n má sunkún nítorí yín mọ́.”

Ìyá rẹ̀ ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Ẹ̀yin lẹ rán Àǹtí sí mi.”

“Mi ò rán an. Ìwọ lo ní o ò fẹ́ padà sílé mọ́.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá.” Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Ibi tó ti ń wá a kiri ló ti rí mi.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo fẹ́ sá, mi ò lè sá. Lọ́yà já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Màmá Ilé, ó rìn wá síwájú mi, ó gbójú sókè. Ó ní, “Àǹtí, ẹ lọ sọ fún Mọ́mì mi pé mi ò sọ ọ́.”

Mi ò mira.

Ó ní, “Mo rán yín níṣẹ́ ni. Ẹ lọ jẹ́ ẹ.”

Mo rìn lọ sí fèrèsé. Koríko díẹ̀ péré ló wà láàárín, àmọ́ mi ò rin irú ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo ojú obìnrin yẹn lókè ìbòmú. Mo ní, “Ó ní òun ò sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Èmi ni.”

Kò bú mi. Ó kàn fi ìka kan gíláàsì, níbi tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn mi, bí ẹni pé èmi ò sí níbẹ̀. Màmá Ilé ló ní kí n máa lọ, kí n má sì jẹ́ kí òun rí ẹsẹ̀ mi ní ilé àwọn ọmọ mọ́.

Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu mi, torí mi ò tún lè pa irọ́ kan mọ́ ọn. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó ní ṣé mo mọ̀ pé obìnrin yẹn ń bọ̀ wá mú ọmọ rẹ̀ nígbà tí òun ń kun bẹ́ẹ̀dì. Mo ní mo mọ̀. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá, ó tú bẹ́ẹ̀dì náà ní ìṣó kọ̀ọ̀kan. A ṣì jọ ń gbé. Ó ń kí mi ní àárọ̀, ó sì ń jẹ oúnjẹ mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ̀ǹda ara yín fún ọmọ ọlọ́mọ, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Àwọn ọmọ náà nílò yín gidigidi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ bi ara yín pé ebi ta ni ẹ fẹ́ pa, ti ọmọ ni àbí tiyín. Èmi ò bi ara mi. Ebi ń pa mí, mo lọ jókòó ti àwo ẹlòmíì, mo ní mo wá bá wọn ṣọ́ ọ ni.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò parí síbẹ̀. Ìpè kan wọlé láti ọsibítù, nọ́ọ̀sì ni. Ó ní ìyá Lọ́yà ń béèrè mi, ó tún ní bí ó bá jẹ́ ti òun nọ́ọ̀sì ni, òun ò ní pè mí.

Wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá òun nìkan. Ikọ́ náà ti padà bí wọ́n ṣe sọ, oògùn àtijọ́ ò ràn án mọ́, wọ́n ń wá òmíràn. Dókítà ò lè sọ bí ó ṣe máa rí. Ó ń gbé oògùn mì báyìí, gbogbo rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú sí i wá. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

Ó ní, “Mi ò pè yín torí ẹ̀bẹ̀. Ọmọ mi ń wá sójú fèrèsé, wọ́n ń mú un wá. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ń wò mí. Mo ní kó bá mi sọ nǹkan, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ kì í dé ibi tí òun rán an.” Ó sinmi díẹ̀ kí èémí rẹ̀ lè padà. “Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ láti ìgbà tí mo ti wà níbí, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Mo fẹ́ ẹ. Ẹ kó o fún mi.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó ní òun ti mọ irun ara òun dì. Mo ní ó ní ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju bàtà òun pupa dànù, ó ti kéré sí òun lẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ fi pamọ́. Mo ní ó gba ipò kejì nínú ìṣirò, ó sì ní tíṣà ṣi ẹyọ kan mákì fún òun. Ìyá Lọ́yà dijú, ó ń mi orí sí ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gba omi mu.

Mo ní ó ní tí òun bá dàgbà, òun máa ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún yín, kí ẹ má fi ọwọ́ fọ aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó lajú. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn ń kọ́? Ṣé òun ló sọ ìyẹn, àbí ẹ̀yin?”

Mo la ẹnu. Mo wá a. Mo wá a nínú gbogbo Sátidé tí mo fi jókòó ti ọmọ yẹn, mo wá a nínú gbogbo bọ́ọ̀sì tí mo ti jókòó tí mò ń hun ọ̀rọ̀ dídùn. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Mo rántí bí ó ṣe dùn tó. Ẹnu tó ti kọ́kọ́ jáde ni mi ò rántí.

Ó ń dúró dè mí. Kò gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi.

Mo ní, “Mi ò mọ̀.”